Ṣé kí n máa na ọmọ tó ṣì ń fi ẹ̀rọ mí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Iléṣà níbí ni mo wà, oyún mi ò ju ọ̀sẹ̀ 29 lọ tí mo fi bímọ, ọ̀sẹ̀ méjì rèé tá a ti wà ní ọsibítù. Wọ́n fi rọ́bà atẹ́gùn sí i nímú, ìgò omi ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ ń hó kutukutu tọ̀sán-tòru, rọ́bà míì gba ẹnu lọ sínú ikùn, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbà fún un lóúnjẹ. Ara ẹ̀ rọ̀ jù, ó kàn ń na gbalaja ni. Ìyá ọkọ mi ní tá a bá gbé e jáde ká máa nà án ká máa fà á. Ìgbà wo gan-an ló máa mu ọmú?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu ọmọ o. Ẹ bá mi bẹ Màmá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fà á rárá. Ọmọ tó gbó nínú oyún làwọn ìyá wa ń nà, eléyìí egungun ẹ̀ ò tíì le. Nínú oyún ọmọ máa ń ká kò ni, ara ilé ọmọ ló ti ń ta ẹsẹ̀ tí iṣan ẹ̀ fi ń le, tiyín sì ti jáde kó tó ráyè ṣe ìyẹn tó. Ìdí nìyẹn táwọn nọ́ọ̀sì fi ń ká aṣọ bí òṣùká yí irú wọn ká, kí orúnkún lè ká wá sókè, kí ọwọ́ sì sún mọ́ ẹnu. Tí wọn ò bá tíì ṣe é, ẹ bi wọ́n.

Èyí tó tún dáa jù ni kẹ́ ẹ gbé e sáyà, ara kan ara, kẹ́ ẹ fi ọ̀já dì í. Bogotá ní Kòlóńbíà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ lọ́dún 1978 (àwa tá à ń pọn ọmọ sẹ́yìn, wọ́n wá ní ká pọ̀n ọ́n síwájú!), Àjọ Ìlera Àgbáyé ní wákàtí 8 sí 24 lójúmọ́. Rọ́bà imú yẹn ò ní kẹ́ ẹ má gbé e sáyà, tí ara ẹ̀ bá ti balẹ̀ ó ṣeé ṣe, àmọ́ kí nọ́ọ̀sì bá yín gbé e o.

Ọ̀rọ̀ ọmú, fífà, gbígbé mì àti mímí ò tíì bára mu lára ẹ̀, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 32 sí 34, tá a bá kà á láti ìgbà oyún, ló máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í já gaara. Ní báyìí ẹ máa fún omi ọmú yín, ó kéré tán ìgbà 8 lójúmọ́, tòru náà wà níbẹ̀, kó má baà gbẹ. Tí dókítà bá gbà, ó lè máa fẹnu kan ọmú tẹ́ ẹ ti fún tán, ìyẹn náà iṣẹ́ ni fún iṣan ẹnu ẹ̀. Kò sí àgbo, kò sí omi, kò sí glúkóòsì.

Atẹ́gùn ẹ̀rọ yẹn máa ń wọ ikùn, ó lè wú díẹ̀, wọ́n á ṣí rọ́bà kó jáde. Àmọ́ tó bá le gbandi, tó bì nǹkan aláwọ̀ ewé tàbí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́ ẹ̀, ẹ pariwo pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀.