Ṣé torí a ò pọ̀ ni owó kì í fi í dé Amuro?

ÌBÉÈRÈ: Òkun o, bàbá. Ọdún kẹta rèé tí òrùlé ilé ìwòsàn wa ti ń jò. Kánsílọ̀ ní iye ènìyàn ni ìjọba fi ń pín owó, pé Mopamuro, ìjọba ìbílẹ̀ wa ní Kogi, ò lérò. Ọ̀nà Kabba sí Egbe náà ńkọ́? Ṣé kí àwa ará Abuja wá kara wa sílé nígbà ìkànìyàn tó ń bọ̀?

ÌDÁHÙN: Òkun, ọmọ mi. Ọ̀nà yẹn, ti ìjọba àpapọ̀ ni. Má torí ẹ̀ bú kánsù.

Ọ̀rọ̀ iye ènìyàn yìí ló ń bí mi nínú. Ta ló ń kọ́ wọn? Nínú gbogbo 100 náírà tí ìjọba ìbílẹ̀ 774 ń pín látinú àpò àpapọ̀, 40 jẹ́ ọgbọọgba: iye tó kan Ankpa, ìjọba ìbílẹ̀ mìíràn ní Kogi, gẹ́lẹ́ ló kan Mopamuro. Iye ènìyàn ò gbà ju 30 lọ. Ilẹ̀ gba 10. 20 tó kù, ìdàgbàsókè àwùjọ àti owó tí a bá pa nílé ni wọ́n fi ń wò ó.

Bá mi ṣírò rẹ̀. Nínú ìkànìyàn 2006, Mopamuro ò pé 50,000 ènìyàn, Ankpa ju 250,000 lọ. Bí a bá gbé ọbẹ̀ kan náà fún ilé ọlọ́mọ kan àti ilé ọlọ́mọ márùn-ún, ta ni yóò yó? Kíkéré wa, èrè ni níbẹ̀.

Ẹ wo ibi tí owó ń gbà kọjá. Òfin 1999 ní kó kọ́kọ́ wọ àkáǹtì àjọni tó wà lọ́dọ̀ ìpínlẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì, yọ tibí, yọ tọ̀hún. Nígbà tí mo ń ṣe akápò, mo rí pépà tí iye òkè rẹ̀ gùn bí okùn ìdí màlúù, tí tìsàlẹ̀ ò ra páànù kan. Ilé ẹjọ́ tó ga jù ti ní kí wọ́n máa san án tààrà fún ìjọba ìbílẹ̀, ní 11 Oṣù Keje 2024.

Nítorí náà, jókòó sí Abuja, kí wọ́n kà ọ́ síbi tí o sùn. Kọ lẹ́tà sí kánsù: èló ló wọlé, èló ni wọ́n yọ, kí ni wọ́n fi ìyókù ṣe? Dárúkọ òfin òmìnira ìròyìn (FOI) ti 2011, èyí tó fún ọ lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Ọjọ́ 7 ló fún wọn láti dáhùn. N kì í ṣe lọ́yà o, bó bá di ti kóòtù, wá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Má bú ẹnikẹ́ni nínú lẹ́tà náà, má sì kúrò níwájú akọ̀wé tí kò bá tíì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tìẹ.