Ọ̀nà wo ló ṣí fún alùpùpù nínú igbó Gúúsù Kwara?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Tánkẹ̀ ní Ìlọrin ni mò ń gbé. Lóṣù tó kọjá mo ra alùpùpù gíga, irú èyí tí wọ́n ń gùn lórí iyẹ̀pẹ̀ àti àpáta. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́rin fẹ́ máa gbé e jáde lópin ọ̀sẹ̀, kí á gba Ajàṣẹ́-Ìpo wọ ọ̀nà oko, kí á sì gba inú igbó dé ibi ọ̀sọ̀rọ̀ omi Òwu lọ́jọ́ kan. Ìbátan mi kan ní Amẹ́ríkà sọ pé ìwé àwòrán ilẹ̀ wà lọ́dọ̀ tiwọn tó ń fi ọ̀nà tó ṣí àti èyí tó tì hàn. Ṣé irú rẹ̀ wà níbí? Báwo la ṣe máa mọ ọ̀nà tó yẹ ká gbà? Ṣé a lè gùn ún nígbà òjò? Ọ̀rẹ́ mi kan tún ní kí n yọ sàlẹ́ńsà kí alùpùpù náà lè lágbára sí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ìdáhùn: Àbúrò, o kú oríire. Ọlọ́run á jẹ́ kí o fi ẹ̀mí àti àlàáfíà gùn ún. Kíkọ́ èèyàn bí a ṣe ń gun alùpùpù níbi tí kò sí ọ̀dà ni iṣẹ́ mi, torí náà o ò ní gbọ́ lẹ́nu mi pé kí o lọ tì í mọ́ yàrá. Inú mi tiẹ̀ dùn pé o bèèrè kí o tó lọ, torí ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ti fi táyà tú oko olóko ni wọ́n ń wá mi.

Òótọ́ ni ìbátan rẹ sọ. Ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ló ni ọ̀pọ̀ nínú igbó tí wọ́n ń gùn níbẹ̀, iléeṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Forest Service ló sì ń tọ́jú rẹ̀. Lọ́dún 2005 ni wọ́n ṣe òfin pé kí wọ́n yan ọ̀nà tí ọkọ̀ lè gbà nínú igbó kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì ya á sínú ìwé tí ẹnikẹ́ni lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Irú ọkọ̀ tó lè gba ọ̀nà kan wà nínú ìwé náà, ìgbà tí wọ́n ń ṣí i nínú ọdún náà wà níbẹ̀. Èyí tí kò bá sí nínú ìwé, ó tì nìyẹn, ì báà má sí ìdènà kankan lẹ́nu rẹ̀.

A ò ní irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Kwara. Ṣùgbọ́n mú ìlànà wọn yẹn lò: ọ̀nà tí ẹni tó ni ín kò bá tíì sọ fún ọ pé ó ṣí, kà á sí ọ̀nà tó tì. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ fún ọ, orí èyí ló dúró lé.

Àwọn ọ̀dọ́ kan máa ń sọ fún mi pé ìjọba ló ni ilẹ̀, ta ló fẹ́ lé wọn? Lóòótọ́, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí ìkáwọ́ gómìnà, ó sì fi ti ìgbèríko sí ìkáwọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin yẹn kan náà kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ àgbẹ̀ tó ń dá oko lórí rẹ̀. Iṣu inú ebè, kaṣú orí igi, ti ẹni tó gbìn wọ́n ni. Ọ̀nà tóóró tó sì wọ àárín wọn, ẹsẹ̀ olóko àti ti àwọn ará ilé rẹ̀ ló là á. Wọn ò là á fún wa.

Má gbẹ́kẹ̀ lé àwòrán òfúrufú orí fóònù. Nílẹ̀ Ìgbómìnà, oko kì í dúró sójú kan. Wọ́n á dá a fún ọdún mélòó kan, wọ́n á fi ilẹ̀ sílẹ̀ kó sinmi, wọ́n á sì ṣí lọ síbòmíràn, ọ̀nà á bá wọn ṣí lọ. Àwòrán tó wà lórí fóònù rẹ lè ti pẹ́. Ibi tó fi ọ̀nà funfun gbọọrọ hàn, nígbà tí o bá débẹ̀, ebè tuntun lo máa bá, àgbàdo á sì ti hù láàárín wọn. Gba àwòrán náà sílẹ̀ sórí fóònù kí o tó kúrò nílé, torí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í pẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kí o máa bàa sọnù ló wà fún. Kì í ṣe ìwé àṣẹ.

Àṣẹ, lẹ́nu èèyàn ni wàá ti gbà á. Bí ẹ bá ti yan agbègbè kan, kí ẹni méjì nínú yín kọ́kọ́ lọ lọ́sàn-án, láìkó ara yín jọ, kí ẹ gba títì lọ kí baálé. Ẹ sọ orúkọ yín, ẹ sọ ibi tí ẹ ti wá àti ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Baálé á ránṣẹ́ pe olórí ọdẹ tàbí àwọn fijilanté, torí àwọn ló mọ inú igbó. Bí gáà Fúlàní bá wà nítòsí, ẹ dé ibẹ̀ náà, torí ọ̀nà màlúù wà tí àwọn ará abúlé fúnra wọn kì í gbà. Ohun tí ẹ máa bèèrè ni pé oko ta ni ọ̀nà yìí wọ̀, ṣé ó já síbòmíràn àbí inú oko ló parí sí, ṣé afárá onígi tó wà lórí odò ṣì dúró, ṣé ìlú ń ṣe orò tàbí ọdún eégún lọ́sẹ̀ tí ẹ fẹ́ wá. Bí ìlú bá ti kéde orò, ọ̀nà tì, kò sí àlàyé mìíràn. Ẹ fi nọ́ńbà fóònù yín sílẹ̀, kí ẹ sì gba ti ẹnìkan níbẹ̀, kí ẹ lè pè é láàárọ̀ ọjọ́ tí ẹ bá ń bọ̀. Èsì tí wọ́n fún yín lóṣù Kejìlá kò ní ṣiṣẹ́ lóṣù Kẹrin.

Bí ẹ bá sì ti wà lójú ọ̀nà, ẹ lajú yín sílẹ̀. Ọmọ Yorùbá kì í kọ «má wọ̀» sára pátákó kó tó sọ bẹ́ẹ̀. Bí o bá rí igi tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko, tí wọ́n so àkísà, ṣùkù àgbàdo, ìkarahun ìgbín tàbí àlòkù bàtà mọ́ ọn, ààlè nìyẹn. Olóko ń sọ pé ohun tó wà níbí ní olówó, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jìnnà sí i. Bí ó bá jẹ́ màrìwò ni wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà, ibi òrìṣà tàbí igbó eégún ló wà níwájú. Pa ẹ́ńjìnnì, fi ọwọ́ yí alùpùpù rẹ padà, má sì ya fọ́tò. Ẹ̀sìn tó wù ká máa ṣe, ilé onílé ni. Bákan náà ni ẹ̀ka igi ẹlẹ́gùn-ún tí wọ́n fà dí ọ̀nà: kò ṣubú síbẹ̀ fúnra rẹ̀.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tó wúwo jù. Láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni àwọn ajínigbé ti ń da igbó ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn, Ìrẹ́pọ̀dùn àti Èkìtì láàmú, alùpùpù sì ni wọ́n sábà máa ń gùn wá. Ro ó wò ná: obìnrin kan ń ṣa kaṣú lábẹ́ igi, ó sì gbọ́ tí alùpùpù márùn-ún ń ké bọ̀ láti inú igbó. Àwọn tó ń gùn ún bo gbogbo ojú, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ dúdú. Kò ní dúró bèèrè ẹni tí ẹ jẹ́. Á ju agbọ̀n nù, á sá, ọdẹ tó bá gbọ́ igbe rẹ̀ á sì fa ìbọn yọ. O ò ní lè bá ẹnikẹ́ni wí nínú wọn.

Nítorí èyí, èmi ò ní mú akẹ́kọ̀ọ́ kankan gba inú igbó lọ sí Òwu lákòókò yìí, mi ò sì ní kí ìwọ náà lọ. Bí ó bá jẹ́ omi náà lẹ fẹ́ rí, ẹ gba ọ̀nà tí mọ́tò ń gbà dé Ọ̀wá-Kájọlà, lẹ́yìn tí ẹ bá ti pe ará ìlú náà kan tó sọ pé ọ̀nà dára. Kí ẹ sì ti kúrò níbẹ̀ kí oòrùn tó rẹlẹ̀. Níbikíbi tí ẹ bá sì ti ń sún mọ́ abúlé, ẹ rọra, ẹ dúró lẹ́bàá ọ̀nà, ẹ ṣí àṣíborí kí wọ́n rí ojú yín, kí ẹ kí wọn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ dé e padà kí ẹ tó gbéra. Ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti ń mú àwọn tí kò bá dé e láti ọdún 2009, nínú igbó tí ilé ìwòsàn ti jìnnà ló tiẹ̀ ṣe pàtàkì jù.

Ohun tí mo máa ń gba ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ nímọ̀ràn ni pé kó wá onílẹ̀ kan nítòsí Ìlọrin tó ní ilẹ̀ tó ń sinmi. Ẹ bá a dá owó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí, kó fi ọ̀nà kan hàn yín tí ẹ ó máa yí po. Kò ní gbayì lójú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ tó bíi ti Òwu, ṣùgbọ́n ibẹ̀ lo ti máa mọ bí a ṣe ń dúró lórí ìtẹ̀sẹ̀, bí a ṣe ń lo bíréèkì ẹ̀yìn lórí iyẹ̀pẹ̀, bí a ṣe ń ṣubú láìfi apá gbalẹ̀. Ó kéré tán, ẹ mọ̀ dájú pé ọ̀nà tiyín ṣí.

Àwọn ibì kan wà tí mi ò ní fa ọ̀rọ̀ wọn gùn. Òkè Sóbi: bárékè ọmọ ogun wà nítòsí ibẹ̀, má gun alùpùpù lọ síbẹ̀ láìgba àṣẹ. Ẹ̀sìẹ́, níbi tí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó kọ́kọ́ wà ní Nàìjíríà ti ń tọ́jú àwọn ère òkúta láti ọdún 1945: ẹ gbé alùpùpù sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, ẹ fi ẹsẹ̀ rìn wọlé. Igbó ọba tí ìjọba ìpínlẹ̀ ń dáàbò bo: ọ́fíìsì tó ń rí sí igbó ní Ìlọrin ni ẹ ti máa bèèrè. Igbó ìjọba àpapọ̀ bíi Old Oyo National Park tó bá Kwara pààlà: ẹ̀ṣẹ̀ lábẹ́ òfin ni kéèyàn wọ̀ ọ́ láìgba ìwé àṣẹ.

Ó ku òjò. Láti oṣù Kẹrin dé oṣù Kẹwàá ni òjò wa máa ń rọ̀, ìgbà yẹn gan-an ló sì máa ń wu àwọn ọ̀dọ́ láti ta ẹrẹ̀. Wo ọ̀nà ẹsẹ̀ tó dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sódò. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ojú ilẹ̀ pupa yẹn le koko, táyà á kàn fá a lórí ni. Bí òjò bá ti rọ̀ sí i tó rọ̀, táyà tó ní eyín á gé e wọlé, á sì fi ojú àgbàrá sílẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Òjò tó tẹ̀ lé e kò ní tàn ká mọ́, inú ojú àgbàrá yẹn ni gbogbo rẹ̀ á gbà. Á gbé iyẹ̀pẹ̀ lọ, gbòǹgbò á yọ síta, òkúta á yọ. Kí òjò ọdún náà tó dá, kòtò tó lè gba ẹsẹ̀ dé orúnkún ti wà láàárín ọ̀nà. Ìwọ ti padà sí Tánkẹ̀. Obìnrin tó ru garawa omi láti odò ló máa gbé ẹsẹ̀ sínú rẹ̀.

Nítorí náà, lẹ́yìn òjò ńlá, jẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Kí o tó wọ ọ̀nà, sọ̀ kalẹ̀, fi gìgísẹ̀ tẹ ilẹ̀ gírí. Bí gìgísẹ̀ bá rì, padà. Bí o bá ti wọ̀ ọ́, tí o bojú wẹ̀yìn tí o rí i pé ojú táyà rẹ jìn ju oríkèé ìka kan lọ, padà náà ni. Bí o bá kan ibi ẹrẹ̀ láàárín ọ̀nà tó dára, gba àárín ẹrẹ̀ náà pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú gíà kìíní. Má yà sí ẹ̀gbẹ́, torí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ṣe ń fẹ̀ wọ inú oko. Odò tí o kò bá tíì fi ẹsẹ̀ wọ́ kọjá, má gun alùpùpù wọ̀ ọ́. Bí omi tó ń ṣàn bá sì ti tó orúnkún, kò sí ìdí tó fi yẹ kí o dán an wò.

Nígbà ọyẹ́, iná ló yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù. Páìpù èéfín alùpùpù tó ti rin ọ̀nà jìn gbóná débi pé ó lè tan koríko gbígbẹ. Orí ilẹ̀ pupa tàbí àpáta ni kí o gbé e dúró sí, kí o sì máa yọ koríko tó bá há mọ́ páìpù. Oṣù Kejì sí oṣù Kẹrin ni kaṣú ń já sílẹ̀, ilẹ̀ ni wọ́n sì ti ń ṣa á. Abẹ́ igi kaṣú kì í ṣe ọ̀nà, bó ti wù kí ó mọ́ tó.

Bí ebè olóko bá bàjẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́, dúró. Wá ẹni tó ni ín, bẹ̀ ẹ́, san owó ohun tó bàjẹ́, kí o sì bá a kọ ebè náà padà bí ó bá gbà. Bí o bá pàdé màlúù, pa ẹ́ńjìnnì, kúrò lójú ọ̀nà, má fọn fèrè, jẹ́ kí darandaran kó wọn kọjá tán.

Ní ti sàlẹ́ńsà, má yọ ọ́. Lára ohun tó ń dá ẹ̀ta iná dúró kó má bọ́ sínú koríko ni, òun ló sì ń dín ariwo tó ń lé èèyàn kúrò lóko kù. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni yíyọ rẹ̀ máa ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kékeré kù nígbà tí o bá ń rọra gòkè, níbi tí o ti nílò rẹ̀ jù. Bí alùpùpù rẹ kò bá lágbára tó, sọ fún mẹkáníìkì kó fọ kábúrétọ̀, kó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kó sì wo fíltà afẹ́fẹ́. Eruku ọ̀nà oko máa ń dí fíltà kíákíá. Lẹ́yìn gbogbo ìgbà tí o bá jáde ni kí o máa yẹ̀ ẹ́ wò.