Èsì: Tírọ́ọ̀kì tó ń gbóná nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá mi. Ẹ ní látìgbà tẹ́ ẹ ti gbé ẹ́ńjìnnì V8 sínú tírọ́ọ̀kì àtijọ́ yẹn ló ti ń gbóná nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, àmọ́ tẹ́ ẹ bá ti tẹná lójú títì, ooru á wálẹ̀. Ẹ má tíì ra rédíétọ̀ tuntun o jàre, afẹ́fẹ́ ni ò tó. Ṣé shroud, ìyẹn ìbòrí tó yí fáànù ká, wà láàárín rédíétọ̀ àti fáànù? Tí ò bá sí, afẹ́fẹ́ gbígbóná tó ti kọjá lá tún máa yípo padà wá síwájú, fáànù á sì kàn máa fa ojú kan ṣoṣo lára rédíétọ̀. Bíléèdì fáànù yẹn, ìdajì ẹ̀ kó wọnú shroud, ìdajì kó wà níta, ibẹ̀ gan-an ló ti máa ń fa afẹ́fẹ́ jù. Wọ́tà pọ́ńpù ò jọ pé ó níṣòro, torí ì bá máa gbóná lójú títì náà. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má yọ tẹmosítáàtì (ohun tó ń ṣí, tó sì ń pa ọ̀nà omi dé bí ẹ́ńjìnnì bá ṣe gbóná sí) dànù, kò yanjú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ rọ kúláǹtì, ìyẹn omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù, ẹ fi jáàkì gbé iwájú ọkọ̀ sókè kí ẹnu rédíétọ̀ ga ju ẹ́ńjìnnì lọ, kí afẹ́fẹ́ tó há sínú lè rọ́nà jáde.