Má fi owó pín ojú ewé: bí a ṣe ń yẹ ìwé ìrìnkèrindò wò kí a tó rà á

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Àwa márùn-ún la máa ń ṣe Dungeons & Dragons (D&D), eré orí tábìlì tí a fi dáìsì àti ẹnu sọ ìtàn akọni, ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì ní Ìbàdàn, èmi ni DM wọn, ìyẹn ẹni tó ń darí eré. Ìpele 1, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀, ni gbogbo akọni wọn ṣì wà. Mo rí ìwé ìrìnkèrindò méjì, ìyẹn ìwé tí DM fi ń darí eré, lórí DriveThruRPG, ilé ìtajà orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan jẹ́ ojú ewé 12, dọ́là 4 ni wọ́n ń tà á. Èkejì jẹ́ ojú ewé 64, dọ́là 5 péré, àwòrán inú rẹ̀ rẹwà gan-an, ó sì ní àmì Copper Best Seller. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ojú ewé 12 ní dọ́là 4, jìbìtì gbáà ni. Ṣé kí n ra ti ńlá náà? Mo tún fẹ́ ra ìwé àfikún kékeré kan tó ní idán tuntun 30. Ṣé mo sì lè tẹ̀ wọ́n jáde fún àwọn ọ̀rẹ́ mi?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, mo kí ẹ̀yin márààrún. Ṣùgbọ́n ìdí ìbéèrè rẹ ló ti wọ́. Ò ń fi owó pín ojú ewé bí ẹni tó ń ra gààrí ní kóńgò. Kò sí oṣù tí irú ìbéèrè yìí kì í dé ọ̀dọ̀ mi, inú sì ti ń bí mi sí àwọn tó ń tan ìmọ̀ràn yẹn ká. Òǹkọ̀wé kékeré tó mọṣẹ́ kò rí ọjà tà, ìwọ tí o kàn fẹ́ gbádùn eré pẹ̀lú ọ̀rẹ́ rẹ sì ń ru ẹrù tí kò wúlò fún ọ.

Iṣẹ́ tí mò ń jẹun nídìí rẹ̀ ni kí n máa ka irú àwọn ìwé yìí kí wọ́n tó jáde, kí n gé ohun tó yẹ ní gígé, kí n sì gbé e kalẹ̀ fún àwọn òṣèré gidi láti mọ̀ bóyá ó máa dúró. Ohun tí mo rí nídìí iṣẹ́ náà ni pé ìwé ìrìnkèrindò kì í ṣe ìwé ìtàn. Ìwé ìtàn, o lè fẹ̀yìn ti àga kà á. Èyí, àárín ariwo ni wàá ti lò ó. Èèyàn mẹ́rin ń wò ọ́ lẹ́nu, dáìsì ń yí lórí tábìlì, ẹnì kan ní òun ti ti ilẹ̀kùn wọlé, ẹlòmíì ń bèèrè pé kí ni òun rí. Ìwọ̀nba ìgbà tí wàá fi gbójú wolẹ̀ kó o sì gbé e sókè padà ni ìwé náà ní láti fi ràn ọ́ lọ́wọ́. Irinṣẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó ń ra àdá nítorí pé ó gùn ju àwọn yòókù lọ.

Ní 1978, Gary Gygax, ọ̀kan nínú àwọn méjì tó ṣe Dungeons & Dragons ní 1974, tẹ ìrìnkèrindò kan jáde tó ń jẹ́ Steading of the Hill Giant Chief. Ojú ewé 8 ni. Ara èèpo páálí rẹ̀ ni wọ́n ya máàpù sí. Ilé onípákó ńlá kan ni, àwọn òmìrán ń jẹ, wọ́n ń mu nínú gbọ̀ngàn rẹ̀, àwọn akọni sì ní láti pinnu fúnra wọn ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọlé: kí wọ́n jà ni, kí wọ́n yọ́ kẹ́lẹ́ ni, kí wọ́n tiná bọ̀ ọ́ ni. Títí dòní ni wọ́n ṣì ń ṣe é. Láti 2009 náà ni ìdíje One Page Dungeon Contest ti wà, níbi tí ẹni tó bá fẹ́ kópa ní láti kó gbogbo ìrìnkèrindò rẹ̀ sójú ewé kan ṣoṣo. Ṣé jìbìtì ni ọ̀rẹ́ rẹ máa pe àwọn yẹn náà?

Ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi alára. Ìwé kan ni, ó lé ní 70 ojú ewé, èèpo rẹ̀ ń dán. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe é. Àwọn òṣèré mi dé ilé ìdáná nínú ilé olódi kan, ọ̀kan nínú wọn bi mí pé, “Ta ló wà níbẹ̀?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìtàn alásè kan tó ti kú ní 300 ọdún sẹ́yìn ni mò ń kà, orúkọ ìyàwó rẹ̀, ọbẹ̀ tó fẹ́ràn jù. Nígbà tí ojú ń tì mí, mo ní kò sẹ́nì kankan. Wọ́n wọlé, wọ́n tú àpótí, wọ́n jẹun, wọ́n fẹ́ sùn. Ìgbà náà ni mo wá kan gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú ìpínrọ̀ kẹrin, lódì kejì ewé náà: òmìrán kan ti wà nídìí ààrò látìbẹ̀rẹ̀. Gbogbo ohun tí a ti ṣe di òfo. Ọ̀kan nínú wọn gbé fóònù rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn, kò sì gbójú sókè mọ́ títí a fi parí eré.

Wo bí ìbá ṣe rí ká ní ẹni tó kọ ọ́ ro ti DM:

Yàrá 7, ilé ìdáná. Òórùn ẹran tó jóná. Iná ààrò nìkan ló mọ́lẹ̀. Òmìrán kan ń ro ọbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn. Ebi ń pa á: ẹni tó bá fún un lóúnjẹ, kò ní bá a jà. Bí ariwo bá sọ, ẹ̀ṣọ́ méjì á dé láti yàrá 8. Kọ́kọ́rọ́ àjà wà lábẹ́ ìkòkò.

Ó tán. Ohun tí imú àti ojú kọ́kọ́ gbà ló ṣíwájú, ẹni tó wà níbẹ̀ tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ohun tó ń fẹ́, lẹ́yìn náà ohun tó máa yí padà. Alásè tó kú ní 300 ọdún sẹ́yìn kò sí níbẹ̀, kò sì sẹ́ni tó máa wá a.

Torí náà, ìdánwò tí mo fẹ́ kó o ṣe kò ju èyí lọ. Ṣí àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ tí ilé ìtajà jẹ́ kó o kà kó o tó sanwó. Mú yàrá kan tàbí ìpàdé kan níbẹ̀, èyíkéyìí. Tẹ aago fóònù rẹ, kó o sì wá ìdáhùn mẹ́ta: ta ló wà níbẹ̀, kí ló ń fẹ́, kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí àwọn òṣèré bá wọlé. Bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú bá kọjá tí o kò tíì rí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fi í sílẹ̀, ì báà jẹ́ ojú ewé 200. Ṣe é lórí ìwé méjèèjì tó o dárúkọ, nọ́ńbà tí aago bá fi hàn ni ìdáhùn ìbéèrè rẹ. Bó bá sì jẹ́ pé kò sí àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ rárá, tàbí pé kìkì èèpo àti ọ̀rọ̀ àkọ́sọ ni wọ́n fi síbẹ̀, èmi kì í rà á. Ẹni tí ọjà rẹ̀ dá lójú a ṣí igbá kí o wò ó.

Bí o bá ti wà níbẹ̀, wo ohun méjì sí i. Àkọ́kọ́ ni ìpele tí wọ́n kọ sára èèpo. Má gbà á gbọ́, ìwọ fúnra rẹ ṣírò ó. Òmìrán tí wọ́n ń pè ní ogre nínú òfin D&D ti 2014 ní iye ẹ̀mí 59, ìyẹn ìpalára tó lè gbà kó tó ṣubú. Kùmọ̀ rẹ̀ ń ṣe ìpalára dáìsì olójú 8 méjì, ká fi 4 kún un: 13 ni, bá a bá dá a sí àárín, ó sì lè tó 20. Onídán ìpele 1 nínú ẹgbẹ́ rẹ lè máa ní iye ẹ̀mí 7 péré. Bí kùmọ̀ kan ṣoṣo bá tó 14, onídán náà kú lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ ni, kò tún sí yíyí dáìsì láti wò ó bóyá á yè. Kì í ṣe pé ogre kò gbọ́dọ̀ sí nínú ìwé ìpele 1. Bí ìwé bá fún àwọn òṣèré lọ́nà tí wọ́n lè fi tù ú nínú, tàn án jẹ tàbí yà fún un, ó dáa, gẹ́gẹ́ bí ti yàrá 7 yẹn. Bó bá fi sójú ọ̀nà kan ṣoṣo tó sì ní ìjà ni, kò sẹ́ni tó dán ìwé náà wò.

Èkejì ni ilẹ̀kùn tó ti pa. Wá ibi tí ìrìnkèrindò náà ti sọ pé àwọn akọni gbọ́dọ̀ yí dáìsì kí wọ́n tó rí àṣírí tí gbogbo ìyókù dúró lé. Ká ní 15 ni wọ́n ní kí wọ́n dé, akọni tó mọ iṣẹ́ náà jù nínú wọn sì ní àfikún 3 tó máa fi kún ohun tí dáìsì bá mú. Ó gbọ́dọ̀ yí 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lórí dáìsì olójú 20. Nínú ojú 20 yẹn, 11 ló máa já a kulẹ̀. Ó tún ju ìdajì lọ! Bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, ìwọ ni wàá máa wá irọ́ pa láàárín òru kí eré má bàa dúró, lẹ́yìn tó o ti sanwó fún ẹni tó yẹ kó rò ó fún ọ. Ohun tó ṣe pàtàkì yẹ kó ní ojú ọ̀nà méjì ó kéré tán. Mẹ́ta ló wù mí.

Ní ti àmì Copper: iye ẹ̀dà tí wọ́n tà ló ń sọ, kò sọ nǹkan kan nípa bó ṣe dára tó. Láti nǹkan bí 50 ẹ̀dà ni Copper ti ń bẹ̀rẹ̀, Silver láti nǹkan bí 100, ó sì ń gòkè bẹ́ẹ̀. Ìràwọ̀ márùn-ún náà, rọra. Ọ̀pọ̀ ẹni tó fún un ní ìràwọ̀ kà á ni, wọn ò ṣe é. Wá ẹni tó kọ ọ́ pé àwọn ṣe é ní alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, pé àwọn òṣèré àwọn gba ọ̀nà tí ìwé kò retí, kó o wò ó bóyá ìwé náà gbà á. Ọ̀kan irú ẹni bẹ́ẹ̀, kódà bó ṣe pé ìràwọ̀ mẹ́ta ló fún un, sàn ju ogún ẹni tó kàn ní àwòrán náà rẹwà lọ. Kó o sì wo ojú ewé orúkọ àwọn tó ṣiṣẹ́: bí orúkọ ayàwòrán bá kún ibẹ̀, tí kò sí orúkọ ẹnì kankan tó bá wọn dán an wò, o ti mọ ibi tí owó lọ.

Àwòrán dára, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n máàpù tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ti inú ìwé mu ni mo máa ń sanwó fún.

Ìwé idán 30 ńkọ́? Gba SRD 5.1 sílẹ̀, ìwé tó kó ìpìlẹ̀ òfin D&D jọ, ọ̀fẹ́ ni, láti oṣù Kìíní 2023 ló sì ti wà lábẹ́ àṣẹ Creative Commons, tó gba ẹnikẹ́ni láyè láti lò ó. Fi ṣe òṣùwọ̀n. Fireball, idán ìpele 3, ń ṣe ìpalára dáìsì olójú 6 mẹ́jọ, 28 ni bá a bá dá a sí àárín. Bí idán ìpele 3 kan nínú ìwé tuntun bá ń ju dáìsì bẹ́ẹ̀ méjìlá, tó ń ṣe 42 ní àárín, tí kò sì gba nǹkan kan padà, ẹni tó kọ ọ́ kò ṣírò, àwọn òṣèré rẹ kò sì ní lo idán míì mọ́ láéláé. Yẹ márùn-ún wò bẹ́ẹ̀. Bí méjì bá wọ́, fi í sílẹ̀. Rí i dájú pẹ̀lú pé òfin tí ẹ̀ ń lò ni ìwé náà bá mu, torí ti 2014 yàtọ̀ sí ti 2024. Bó bá jẹ́ ti òfin ayé àtijọ́ ni, nínú èyí tí nọ́ńbà ààbò ara ń dára sí i bó ṣe ń kéré sí i, iṣẹ́ ìyípadà wà níwájú rẹ.

Mi ò lè sọ fún ọ pé ra èyí tàbí má ra tọ̀hún. Èmi ò mọ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ, owó rẹ sì ni. Bí àwọn ọmọdé bá ń bá yín ṣeré, ka gbogbo rẹ̀ tán kí alẹ́ Ẹtì tó dé, torí àwọn kan ní ìwà ipá tí èèpo wọn kò sọ. Ka ìlànà dídá owó padà kó o tó san, má dúró dìgbà tí báńkì ti gé e.

Títẹ̀ ẹ́ jáde: èmi kì í ṣe lọ́yà, àṣẹ tí wọ́n kọ sínú ìwé kọ̀ọ̀kan sì ni kó o tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ wọn gbà kí ẹni tó rà á tẹ ẹ̀dà kan fún ìlò ara rẹ̀, o sì lè tẹ máàpù láìsí àwọ̀ kí íǹkì má bàa tán. Ṣùgbọ́n má ju PDF náà sínú gúrúpù WhatsApp yín. Ẹni tó kọ ojú ewé 12 yẹn lè jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo tó ń kọ ọ́ lálẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́. Máàpù tí àwọn òṣèré lè rí ni kó o fi ránṣẹ́ sí wọn, kó o sì pa nọ́ńbà yàrá àti ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà rẹ́ lára rẹ̀ kó o tó fi í ránṣẹ́.