Ikú Yá Ju Ẹ̀sín: Níbo Gan-an ni Ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́ṣin ti Yíwọ́?

Ìbéèrè tí wọ́n bi mí ni pé kí ni ìtumọ̀ "ikú yá ju ẹ̀sín", àti pé nínú eré Wọlé Ṣóyínká, Death and the King's Horseman (1975), ṣé ọwọ́ òyìnbó ló ba ọ̀rọ̀ Ẹlẹ́ṣin jẹ́.

Ẹ̀sín ju ìtìjú lásán lọ. Ìtìjú lè mọ sínú ilé. Ẹ̀sín ni èyí tí tọmọdé tàgbà ń fi ẹni ṣe yẹ̀yẹ́. Òwe náà ní kéèyàn kú sàn ju kó wà láàyè kó má lè gbójú sókè láwùjọ.

Abọ́bakú ni Ẹlẹ́ṣin. Bí Aláàfin bá ti wàjà, òun náà gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, tìlù tijó, láìsí ẹni tó máa fọwọ́ kàn án. Nítorí èyí ni ìlú kò ṣe fi ohunkóhun dù ú.

Lóòótọ́, Pilkings tó jẹ́ ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló mú un, kó má bàa kú. Ṣùgbọ́n ní tèmi, inú ọjà ni ọ̀rọ̀ ti yíwọ́. Àwọn obìnrin ti fi aṣọ olówó ńlá wọ̀ ọ́ tán, ó kù kó lọ, ni ojú rẹ̀ bá ṣe kòńgẹ́ ọmọbìnrin kan, àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà. Ó ní òun fẹ́ ẹ. Ẹni tó ti dágbére fáyé tún ń gbéyàwó! Ìyálọ́jà kìlọ̀ fún un, síbẹ̀ ó fún un ní ọmọbìnrin náà, torí ta ni yóò fi nǹkan du ẹni tó dúró lẹ́nu ibodè? Nígbà tó yá, Ẹlẹ́ṣin jáde tòun ti aṣọ ìbálé lọ́wọ́. Lójú mi, aṣọ yẹn ló dè é mọ́lẹ̀ kí ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ tó dé. Òun fúnra rẹ̀ jẹ́wọ́ fún ìyàwó náà nínú àtìmọ́lé pé kì í ṣe òyìnbó nìkan, ayé ṣì wúwo lẹ́sẹ̀ òun.

Olúndé, àkọ́bí rẹ̀ tó ń kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Ìlú Ọba, wálé wá sìnkú bàbá, ó sì bá bàbá láàyè. Ó ní òun kò ní bàbá. Òun ló kú dípò rẹ̀. Òun ni òwe yẹn ṣẹ sí lára. (Ọ̀yọ́ ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀ lóòótọ́, lẹ́yìn tí Aláàfin Ládìgbòlù wàjà ní 1944, Dúró Ládípọ̀ náà ti fi ṣeré ṣáájú, nínú Ọba Wàjà.)

Bí wọ́n ṣe ṣí aṣọ lójú òkú Olúndé, Ẹlẹ́ṣin fi ẹ̀wọ̀n ọwọ́ rẹ̀ fún ara rẹ̀ lọ́rùn pa. Ọmọbìnrin inú ọjà ọjọ́sí ló wọlé tọ̀ ọ́, ló pa ojú rẹ̀ dé, ló sì bu erùpẹ̀ díẹ̀ lé ìpéǹpéjú rẹ̀ méjèèjì.