Ẹ má tún ìbọn bàbá àgbà yín rẹ láró

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Bàbá àgbà mi fi ìbọn ìléwọ́ Luger kan sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kú. 42 wà lórí rẹ̀, torí náà mo mọ̀ pé ọdún 1942 ni wọ́n ṣe é. 73 wà lára àwọn nǹkan kéékèèké inú rẹ̀, ẹnì kan sì sọ fún mi pé irú "Luger 73" kò wọ́pọ̀. Aró ara rẹ̀ ti ṣí lẹ́nu àti níbi ìdìmú, ìpẹtà díẹ̀ sì wà lára rẹ̀. Ẹnì kan tó ń tún ìbọn ṣe ní kí n gbé e wá, òun á bá mi dán an, òun á sì tún un rẹ láró kí n tó tà á, pé owó rẹ̀ á di ìlọ́po méjì. Ṣé kí n gbé e fún un? Èló ni mo lè tà á?

Ìdáhùn: Rárá, ẹ má gbé e fún un. Bí ẹ bá ti gbé e fún un ná, ẹ dìde kí ẹ lọ gbà á, ẹ padà wá ka ìyókù.

Ẹ jẹ́ ká yanjú ti 42 àti 73 kíákíá. 42 tó wà lórí orúnkún ìbọn yẹn (ibi tó máa ń ká sókè bí orúnkún èèyàn nígbà tí ìbọn bá yìn) kì í ṣe ọdún. Àmì ilé iṣẹ́ Mauser ni. Ìjọba Jámánì fi bo orúkọ ilé iṣẹ́ náà mọ́lẹ̀ nígbà tí wọn ò fẹ́ kí ayé mọ ẹni tó ń rọ ohun ìjà fún wọn. S/42 ni wọ́n kọ́kọ́ ń kọ, ó di 42 lásán, nígbà tó di 1941 wọ́n yí i sí byf. Ọdún gan-an wà lókè ihò ọta, níwájú orúnkún yẹn. Nínú àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́, 1940 ló wà níbẹ̀ gàdàgbà. Ẹ kàn fojú fò ó ni.

73 ńkọ́? Nọ́ńbà ara ìbọn yín ni 4673. Ilé iṣẹ́ máa ń lu nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn sára àwọn nǹkan kéékèèké kí ti ìbọn kan má bàa bọ́ sínú òmíràn. Kò sí ohun tó ń jẹ́ Luger 73. Ohun tó yẹ kí ẹ wá ni lẹ́tà kékeré tó tẹ̀ lé 4673, torí bí nọ́ńbà bá ti dé 10,000, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun, wọ́n á sì fi lẹ́tà kún un. Ìbọn tó ń jẹ́ 4673 lè ju méje lọ lọ́dún kan ṣoṣo. Ẹni tó bá pe nọ́ńbà fún mi láìpe lẹ́tà kò tíì pe nǹkan kan.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ aró, èyí tó ń bí mi nínú.

Aró ìbọn kì í ṣe ọ̀dà. Wọn ò kùn ún sára irin, ara irin ni wọ́n sọ di dúdú. Láyé àtijọ́, wọ́n á jẹ́ kí irin náà dípẹtà díẹ̀ lójú ara wọn, wọ́n á sè é nínú omi gbígbóná títí ìpẹtà yẹn á fi dúdú, wọ́n á gbọ̀n ọ́n nù, wọ́n á tún ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tó di nǹkan bí 1937, Mauser bẹ̀rẹ̀ sí í rì í bọnú omi iyọ̀ gbígbóná, torí ìyẹn yá ju ti àkọ́kọ́ lọ. Irú èyí ni ti yín. Bó ti wù kó jẹ́, awọ irin náà ni aró yẹn.

Aṣọ tó bá ṣí, ẹ lè gbé e padà sínú ìkòkò aró, òwú rẹ̀ ò ní dín. Irin ò rí bẹ́ẹ̀. Kí aró tuntun tó lè mú, ó di dandan kí wọ́n há aró àtijọ́ kúrò, kí wọ́n sì fi ẹ̀rọ lọ ìpẹtà náà títí kòtò rẹ̀ á fi dọ́gba. Irin ni wọ́n ń lọ kúrò yẹn, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà.

Mo rántí obìnrin kan tó gbé Luger ọkọ rẹ̀ tó ti dolóògbé wá sọ́dọ̀ mi, ó fi tówẹ̀ẹ̀lì funfun dì í. Ó dúdú, ó ń dán bíi bàtà ọmọ tó fẹ́ lọ ya fọ́tò. Ó ti sanwó fún ẹni tó bá a ṣe é. Mo gbé e lọ sẹ́bàá fèrèsé, mo fi awò tó ń sọ nǹkan di ńlá wo àwọn òǹtẹ̀ ẹyẹ idì tó wà lápá ọ̀tún. Ìyẹ́ ẹyẹ náà ti yọ́ dànù bí ọṣẹ tí wọ́n ti fi wẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Nọ́ńbà tó wà lápá òsì, apá kan jìn, apá kejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Etí ihò tí irin ń gbà kọjá, tó yẹ kó gún ṣánṣán, ti fẹ̀ bí ẹnu àrọ. Igun ara ìbọn náà, tó yẹ kó mú débi pé èèyàn á mọ̀ ọ́n lára lọ́wọ́, ti di róbótó. Mo wo ojú obìnrin náà, mi ò tètè mọ ohun tí màá sọ. Ìbọn tí nọ́ńbà rẹ̀ pé látòkè délẹ̀ ni, ó kàn ti di irin dúdú kan.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ra ti yín, ohun tó máa kọ́kọ́ wò nìyẹn: etí, igun, òǹtẹ̀, ihò. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Bí dúdú bá wà nínú kòtò ìpẹtà, a jẹ́ pé wọ́n ti pa á láró lẹ́yìn tó ti dípẹtà. Ẹ wo ìdè méjì tó mú pákó ìdìmú: àwọn nìkan ni ìdè tó ń fẹ́ súkúrúdíráfà lára Luger, bí ẹnu wọn bá ti ya, ẹnì kan ti débẹ̀ ṣáájú yín.

Àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń fi òwe dá mi lóhùn pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òótọ́ ni fún ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kó ìbọn àtijọ́ jọ kò wá ẹwà. Ohun tó ń wá ni ìbọn tó ṣì wà bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́, pẹ̀lú ìyà tó ti jẹ. Aró tó ṣí lẹ́nu nítorí akọ̀ tó ń ha á, ìtàn ìbọn náà ni, kì í ṣe àbùkù. Nínú ohun tí mo ti rí, ìbọn tó pé nọ́ńbà tí wọ́n bá tún pa láró kì í mú tó ìdajì owó tó yẹ kó mú. Ìlọ́po méjì kọ́, ìdajì ni.

Ẹnì kan á sọ pé ṣebí àwọn ológun náà máa ń tún ìbọn ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyẹn sì yàtọ̀. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní, wọ́n lu 1920 mọ́ ọ̀pọ̀ Luger tó ti ní ọdún tirẹ̀ tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà lẹ á rí ọdún méjì lórí ihò ọta. Àwọn ará Soviet náà tún èyí tí wọ́n gbà lójú ogun pa láró, wọ́n sì lu X mọ́ àwọn kan. Ọwọ́ ìjọba ló ṣe é, ó ní àkókò, ó sì ní àwọn tó ń wá a. Ti ẹni tó fẹ́ bá yín ṣe é lọ́sẹ̀ yìí kò ní nǹkan kan.

Ẹ tún ṣọ́ra fún àwọ̀ yẹ́lò. Lára Luger tó ti pẹ́, wọ́n máa ń fi iná mú kí ìfà àti àwọn irin kéékèèké kan pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi koríko gbígbẹ. Àwọn oníwàyó ti mọ̀ pé àwọn olùrà fẹ́ràn rẹ̀, ni wọ́n bá ń fi iná sun ìfà ìbọn tí kò yẹ. Nígbà tí wọ́n ṣe ti yín ní 1940, Mauser ti ń fi gbogbo rẹ̀ sínú aró dúdú kan náà. Bí ẹni tó fẹ́ bá yín tún un ṣe bá ní òun á "dá yẹ́lò rẹ̀ padà", ẹ mọ irú ẹni tí ẹ ń bá sọ̀rọ̀. Àwọn kan náà máa ń ha nọ́ńbà kúrò lára irin tí kì í ṣe ti ìbọn náà, wọ́n á lu tuntun kí ó lè bára mu. Ẹ yí i síwá sẹ́yìn nínú ìmọ́lẹ̀: bí 73 bá jókòó sínú kòtò pẹlẹbẹ, ẹ fura.

Ní ti iye owó, mi ò ní pe iye kan láìtíì fọwọ́ kan ìbọn náà. Ẹni tó bá fi fọ́tò méjì dá owó lé e fún yín, ó fẹ́ rà á ní owó pọ́ọ́kú ni. Ohun tí mo lè sọ ni pé nọ́ńbà tó bára mu àti aró ti ilé iṣẹ́ ló ń gbé owó rẹ̀ sókè. Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ilé ọta (ibi tí a ń to ọta sí, tó ń wọ inú ìdìmú) tó ní nọ́ńbà kan náà. Bí ẹ bá rí ilé ọta kejì tó ní àmì + lẹ́yìn nọ́ńbà náà, ẹ má ṣe yà á sọ́tọ̀ rárá. Akọ̀ rẹ̀ ńkọ́, ìwé tí bàbá àgbà yín fi gbà á ńkọ́? Ẹ wá wọn. Ìtàn pé ti ọ̀gágun Jámánì kan ni, láìsí ìwé, mi ò ní fi kọ́bọ̀ kún un.

Kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rí i dájú pé ìbọn náà ṣófo. Yíyọ ilé ọta nìkan kò tó. Ẹ wo irin pẹlẹbẹ orí rẹ̀: bí ọta bá wà nínú ihò, irin náà á gbé orí sókè, ọ̀rọ̀ GELADEN á sì yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ìyẹn ni pé ó kún. Ẹ má sì fi ìyẹn nìkan ṣe ẹ̀rí, ẹ ṣí orúnkún rẹ̀ kí ẹ fojú wo inú. Apá òkè Luger lè yìn bí ọta bá wà nínú rẹ̀, kódà lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò lára ìdìmú, torí irin tó ń tú u sílẹ̀ wà ní ìta lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí èyí bá dojú rú lójú yín, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ní ìwé àṣẹ, ẹ má fi dánra wò. Òfin níní ìbọn náà kò dọ́gba níbi gbogbo, ẹ yanjú ti yín pẹ̀lú agbẹjọ́rò ṣáájú títà. Mi ò lè ṣe ìyẹn fún yín.

Ìpẹtà díẹ̀ yẹn, òróró ìbọn kékeré lórí aṣọ rírọ̀ ti tó o. Ẹ fi nù ún, ẹ dúró. Kò gba sándípépà rárá. Ẹ yọ ọ́ kúrò nínú akọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó tọ́jú wọn, torí awọ máa ń fa omi mọ́ra, á sì máa jẹ irin. Lẹ́yìn náà, ẹ ya nọ́ńbà ara ìbọn pẹ̀lú lẹ́tà rẹ̀, òǹtẹ̀ apá ọ̀tún, ìsàlẹ̀ ọ̀pá ìbọn àti ìdí ilé ọta fún mi, lójú ọjọ́, láìtan iná fọ́tò.