Máàpù fóònù mi ń gbé mi lọ sí òdìkejì títì: ṣé àwọn ológun ló ń dà á rú?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, sà. Tí mo bá dúró láàárín àwọn ilé gíga, máàpù fóònù mi á ní òdìkejì títì ni mo wà. Ẹnìkan sọ fún mi pé àwọn ológun Amẹ́ríkà ló ni GPS, ìyẹn ètò sátẹ́láìtì tí máàpù fóònù fi ń mọ ibi tí ènìyàn wà, àwọn ló sì ń mọ̀ọ́mọ̀ dà á rú. Ṣé òótọ́ ni? Kí ni mo lè ṣe sí i?

Ìdáhùn: Ẹni náà kò parọ́ fún yín, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló ń sọ. Títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Karùn-ún ọdún 2000, àwọn ológun Amẹ́ríkà ń mọ̀ọ́mọ̀ po àṣìṣe mọ́ àmì tí sátẹ́láìtì GPS ń rán sí gbogbo ayé, wọ́n sì fi ojúlówó rẹ̀ pamọ́ fún ara wọn. Ó lè fi nǹkan bí mítà 100 ṣì yín lọ́nà. Iṣẹ́ ilẹ̀ wíwọ̀n ni mo ń ṣe nígbà yẹn. A ó gbé ẹ̀rọ sórí òpó tí kò mì rárá, síbẹ̀ nọ́ńbà ojú rẹ̀ á máa yí bí ẹni pé a gbé e sáré. Ìgbà tí Ààrẹ Clinton ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ni nọ́ńbà náà tó fara balẹ̀.

Ogun ló bí GPS lóòótọ́. Lọ́dún 1957 tí Soviet ju Sputnik, sátẹ́láìtì àkọ́kọ́ láyé, sójú ọ̀run, Guier àti Weiffenbach, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì méjì ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà, tẹ́tí sí ìró rédíò rẹ̀. Bí fèrè ọkọ̀ ṣe máa ń dún fíín tó bá ń bọ̀, tó sì ń rẹlẹ̀ tó bá ti kọjá, bẹ́ẹ̀ ni ìró náà ń ṣe, wọ́n sì ti ibẹ̀ mọ ipa ọ̀nà Sputnik. Ọ̀gá wọn, McClure, wá yí ìbéèrè náà po: bí a bá mọ ibi tí sátẹ́láìtì wà, ṣé a ò ní mọ ibi tí àwa náà wà? Ohun tí ọkọ̀ ogun abẹ́ omi tó ń gbé míṣáìlì nílò gan-an nìyẹn. Transit, ètò sátẹ́láìtì tó ṣáájú GPS, ló kọ́kọ́ jáde níbẹ̀. Sátẹ́láìtì GPS àkọ́kọ́ gòkè lọ́dún 1978.

Lọ́dún 1983, ọkọ̀ òfurufú Kòríà kan ṣìnà wọ ojú ọ̀run Soviet, wọ́n yìnbọn lù ú, ènìyàn 269 sì kú. Lẹ́yìn ikú wọn ni Ààrẹ Reagan ṣèlérí pé tí GPS bá parí, aráàlú náà á máa lò ó. Mi ò lè gbàgbé ìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká wá sí ti fóònù yín. Fóònù kì í rán ohunkóhun sí sátẹ́láìtì GPS, gbígbọ́ nìkan ló ń gbọ́. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan, tó jìnnà sókè tó nǹkan bíi kìlómítà 20,200, ń kéde aago ara rẹ̀; fóònù á fi ti mẹ́rin ó kéré tán ṣírò bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà tó, á sì ti ibẹ̀ mọ ibi tí ẹ wà. Bí ẹ bá gé ìṣẹ́jú-àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, láàárín ẹyọ kan níbẹ̀ àmì náà ti rin mítà 300. Kódà aago sátẹ́láìtì lókè ń fi irú ẹyọ bẹ́ẹ̀ 38 yára ju aago orí ilẹ̀ lọ lójúmọ́, bí Einstein ti wí. Bí wọn ò bá tún un ṣe, máàpù á fi ju kìlómítà 10 lọ ṣìnà lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Nítorí náà, ògiri ló ń dà yín láàmú. Àmì náà kọ́kọ́ lu ilé gíga kó tó ta padà sí fóònù yín. Ọ̀nà rẹ̀ gùn sí i, fóònù sì rò pé ẹ wà níbòmíràn. Ẹ bọ́ sí gbangba, ẹ dúró fún bí ìṣẹ́jú kan kí ẹ tó gba ohun tó sọ gbọ́. Ẹ tan Wi-Fi kódà bí ẹ ò bá so ó mọ́ ibì kankan, torí fóònù máa ń fi àwọn Wi-Fi àyíká mọ ibi tó wà.

Bó bá jẹ́ ààlà ilẹ̀ lẹ fẹ́ fi í mú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ní gbangba pàápàá, ó ṣì lè fi mítà mélòó kan ṣìnà, ìyẹn sì tó láti mọ ògiri sórí ilẹ̀ onílẹ̀.